Ọwọ́ Tí Sàlí Jókòó Lé

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Láti Ẹ̀jìgbò ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, níbi tí ẹ̀yin náà ti máa ń jókòó nígbà tí ẹ wà lọ́mọge. Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì, ẹ kú ooru Àbíjáǹ. Mo mọ̀ pé ẹ kò lè ka Yorùbá, nítorí náà mo bẹ Màmá kí wọ́n túmọ̀ ìwé yìí fún yín ní èdè Júlà, kí wọ́n má sì fo ibi tí kò bá dùn mọ́ wọn nínú. Tàntí Fàtú, àbúrò Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ irun o. Ọ̀rọ̀ kàn yín nínú ìwé yìí, ẹ má bínú. Ìyá Àgbà ní kí n sọ fún gbogbo yín pé ara àwọn le. Wọ́n ní orúnkún àwọn nìkan ni kì í gbọ́ràn, àti pé kò gbọ́ràn nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́ pàápàá.

Màmá mi, ẹ rántí ọjọ́ tí a pè yín lórí fóònù pé àbúrò mi, Sàlímátà, yege nílé ìwé. Ẹ kọ́kọ́ pariwo Alihamudulilahi, mo gbọ́ tí àwọn oníbàárà yín ń bá yín dáhùn. Lẹ́yìn náà ẹ wá bi mí pé kí ni a fún tíṣà. Mo ní a kò fún tíṣà ní nǹkan kan. Ẹ ní Ràmátù, má purọ́ fún mi, ọmọ tó gbẹ̀yìn léṣìí, ṣé orí mìíràn ni ẹ rà fún un lọ́jà Ẹ̀jìgbò ni? Ẹ ní awakọ̀ yóò ṣì wá mú un bí ẹ ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kó wá lo họlidé lọ́dọ̀ yín, kí Bàbá fi ìbéèrè dán an wò. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló mọ̀wé, a ó mọ bí yóò ṣe padà. Mo ní ó dáa, Mà. Ẹ mọ̀ mí. Lórí fóònù, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dáa, Màmá mi. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Ẹ̀rù ń bà mí nítorí họlidé yẹn. Mo ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n wọ mọ́tò láti ibí lọ sí Àbíjáǹ pé àwọn ń lọ lo họlidé. Wọ́n dé ọ̀hún, wọ́n bá ìyá wọn jókòó ti tábìlì lọ́jà fún ọ̀sẹ̀ kan, ó di oṣù kan, ilé ìwé wọlé níbí, ẹnikẹ́ni kò rántí. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n má kàwé mọ́. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Mo ní kí wọ́n tẹ ìwé yìí sínú ìwé ìròyìn Yorùbá tí àwọn onímọ́tò máa ń kó dé ọ̀dọ̀ yín. Kì í ṣe láti dójú tì yín. Ọmọ tó dà bíi Sàlí pọ̀ ní Ẹ̀jìgbò, ní Ọlá, ní Másífà àti ní Àrá: ìyá jẹ́ ọmọ ibí, bàbá jẹ́ ọmọ ọ̀hún, tàbí kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ibí ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọ̀hún ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Bí ìyá kan nínú wọn bá kà á, kó yẹ ti ọmọ tirẹ̀ wò.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà, ọdún àkọ́kọ́ ní girama ni wọ́n fi mí sí. Ọyẹ́ ọdún yẹn bẹ́ mi létè, mo rò pé àìsàn ni. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí ní Màdámú Faransé, n kò dá wọn lóhùn. Mo kàn ń wo ẹnu àwọn tíṣà bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀, títí ohùn náà fi wọlé. Àárò yín ń sọ mí, n kò sì rí ẹni sọ fún, torí èdè tí àárò náà fi ń sọ mí, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ilé. Gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi pé mo ti délé. Èmi náà ń pe ibí ní ilé báyìí. Síbẹ̀, bí mo bá fẹ́ kọ̀wé sílé, ọ̀dọ̀ yín náà ni mò ń kọ ọ́ sí.

Nísinsìnyí tí mo ti parí girama, èmi àti Ìyá Àgbà jọ ń ṣe asẹ̀kẹ́ lọ́nà Másífà. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́, ẹ̀gẹ́ ni, a ó rin ín, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó wá fi oru omi sè é títí yóò fi wà ní hóró hóró bí ìrẹsì. Àwọn tó ti Àbíjáǹ dé ló kọ́kọ́ ń rà á lọ́wọ́ wa. Ní báyìí, àwọn tí kò kúrò ní Ẹ̀jìgbò rí ti ń bínú bó bá tán kí wọ́n tó dé. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ń tó wa, ẹ ṣeun. Ìyá Àgbà ní kí ẹ má wulẹ̀ fi owó kún un, kí ẹ máa fi ohùn yín kún un.

Nígbà tí ẹ fi Sàlí ránṣẹ́ sí wa, Bàbá ní ọmọ tó bá gbọ́ Faransé, tó tún gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ibodè tí kò ní ṣí fún un. Ó dùn mọ́ gbogbo wa. Lọ́dọ̀ yín, díẹ̀ ló kù kó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Níbí, hẹ́dímasítà bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n bá fi í sí kíláàsì kẹrin. Yorùbá tó gbọ́ nígbà náà kò ju èyí tí ẹ fi ń bá a wí lọ: jókòó, dákẹ́, wá jẹun, o ò gbọ́ ni? Ó ga ju gbogbo kíláàsì rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tò láàárọ̀, orí rẹ̀ máa ń yọ bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín ẹ̀fọ́.

Nígbà tí ọdún parí, òun ló gbẹ̀yìn. Tíṣà rẹ̀ ní kì í dáhùn ìbéèrè, kì í nawọ́, bíi pé kò bìkítà. Wọ́n ní kó tún kíláàsì kẹrin kà. Ẹ bínú, mo sì mọ̀ pé ó dùn yín ni. Ẹ ní bó bá tún gbẹ̀yìn lọ́dún yìí, kí awakọ̀ gbé e padà, kó wá jókòó ti Tàntí Fàtú, kó kọ́ iṣẹ́ irun, ìwé ti parí nìyẹn. Tàntí Fàtú, iṣẹ́ yín dára, ẹ̀yin lẹ di irun tí mo gbé wá sí Ẹ̀jìgbò, gbogbo ènìyàn ló ń bi mí ta ló dì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ti rí irun tí Sàlí dì fún bèbí onírọ́bà rẹ̀. Ẹ ṣàánú orí àwọn ará Àbíjáǹ.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ náà dé etí mi. Lọ́dọ̀ yín, ẹnì kan nínú ẹbí Bàbá sọ pé kí ni a ń yọ ara wa lẹ́nu sí, ọmọ Ànàgó ni, ọjà ni wọ́n mọ̀. Ànàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún. Níbí, obìnrin kan tó wá ra asẹ̀kẹ́ wo Sàlí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní Júlà ni bàbá rẹ̀, àbí? Ó ní àwọn yẹn kì í kàwé. Ìyá Àgbà ní ó ṣeun, asẹ̀kẹ́ ti tán. Asẹ̀kẹ́ kún inú igbá bámú. Mo wá rò ó pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìlú méjì pín láàárín ara wọn, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ń ti apá tó rò pé ó gọ̀ sọ́dọ̀ èkejì.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, Sàlí gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sílé. Mo gbé e lọ. Àsìkò ìsinmi kò tíì tó, mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì wọn. Tíṣà kọ ìṣirò kan sójú pátákó, ó bi wọ́n pé ta ló lè ṣe é. Àwọn ọmọ nawọ́. Mo wo Sàlí. Ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ó ti máa ń ṣe nílé bó bá parí nǹkan tó sì dá a lójú. Ó ti rí ìdáhùn náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ itan rẹ̀. Ó jókòó lé wọn, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń dá ewúrẹ́ dúró. Tíṣà pe ọmọ kan, kò gbà á. Ó pe òmíràn, òun náà kò gbà á. Sàlí ń wo ilẹ̀.

N kò bi í lójú ẹsẹ̀. A ń jọ ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ni mo wá bi í ní Faransé pé kí ló dé tó ń jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní bí òun bá mú wọn jáde, wọn á pariwo. Mo ní ta ni yóò pariwo? Ó ní àwọn ìka òun ni. Ló bá sọ gbogbo rẹ̀, ajọ̀ ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbójú sókè.

Màmá mi, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn ará ibí. Nílé ìwé Àbíjáǹ, ọmọ tó bá mọ ìdáhùn kì í kàn nawọ́ lásán. Yóò dìde lórí bẹ́ǹṣì, yóò na apá síwájú gbọnrangandan, yóò máa ta ìka rẹ̀, pàá, pàá, pàá, yóò máa ní èmi ni, èmi ni, kí tíṣà lè rí i láàárín èrò. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Èmi kò ṣe é rí, torí èmi kì í dáhùn níbi kankan, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà kò fi kàn mí nígbà tí mo dé. Ṣùgbọ́n Sàlí ni ìka rẹ̀ máa ń dún jù ní kíláàsì rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé tíṣà rẹ̀ ọ̀hún ní kó jọ̀ọ́, kó fi ìbéèrè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Níbí ńkọ́? Ta ni yóò tàka sí àgbàlagbà lójú? Aburú la máa ń tàka lé lọ. Ènìyàn á gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú, á tàka yí orí ara rẹ̀ ká, á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Sàlí kọ́kọ́ wọlé ìwé, tíṣà kọ ìṣirò sójú pátákó. Láti ọjọ́ tó ti dé, ìyẹn lohun àkọ́kọ́ tó yé e, torí ìṣirò kò béèrè pé èdè wo lo gbọ́. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó fò dìde, ó na apá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàka sí tíṣà lójú, pàá, pàá, pàá. Màmá mi, tíṣà náà lóyún, oyún náà sì ti tó bí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀, ó ké pe Jésù. Lẹ́yìn náà ló ní kí Sàlí lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun rò pé ìdáhùn òun ni kò tọ̀nà. Ó ní lórí ìkúnlẹ̀ náà òun tún ìṣirò ọ̀hún ṣe nínú orí òun, ìdáhùn kan náà ló tún jáde, òun kò wá mọ ohun tí òun ì bá ṣe.

Nígbà tí Yorùbá rẹ̀ fi máa tó, ọmọ kan ti túmọ̀ rẹ̀ fún un pé ṣe ló ń ṣépè fún tíṣà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ fún wa, torí ó rò pé a ó ní kí ló dé tó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Mo sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìborùn nu ojú, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí n di asẹ̀kẹ́ tútù sínú ewé, kí a máa lọ sọ́dọ̀ tíṣà ní Sátidé. Mo ní kí ni a ó sọ? Wọ́n ní ẹnu kì í ṣe ohun tí a ń rà, èyí tó wà nínú ilé ni a ó mú lọ.

Ìyá Ìbùkún ni à ń pe tíṣà náà, torí ọmọ tó bí yẹn, Ìbùkún lorúkọ rẹ̀. Ilé wọn kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tó rí wa pẹ̀lú Sàlí, ó ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í, ó fún wa ní àga. Ìyá Àgbà kí i dáadáa, wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí ọkọ tí kò sí nílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tí ìka wà, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní Ràmátù, ìwọ lo lọ ilé ìwé ọ̀hún, máa sọ ọ́ lọ. Mo sọ ọ́. Mo fi ìka tèmi ṣe é fún un, lábẹ́ tábìlì ná, lẹ́yìn náà lókè.

Tíṣà ní kí Sàlí ṣe é kí òun rí i. Sàlí wò mí. Mo ní kó ṣe é. Ó dìde, ó na apá, pàá, pàá, pàá. Ìbùkún tó jókòó lórí ẹní bú sẹ́rìn-ín, ó ń rá bọ̀ wá mú ìka náà. Ni ìyá rẹ̀ bá tú gèlè, ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi gèlè náà nu ojú. Ó ní ṣé ohun tó wà níbẹ̀ nìyí? Ó ní títí tí òun fi bímọ ni òun ń ka Sáàmù sínú omi mu nítorí ọmọ yìí, ìyàwó pásítọ̀ bá òun gbààwẹ̀, àwọn aládùúrà dìde dúró. Ìyá Àgbà ní kó má bínú, ààwẹ̀ náà kò ṣòfò, ṣé kò rí bí Ìbùkún ṣe sanra ni?

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, Màmá mi. Ó fa Sàlí mọ́ra, ó bẹ̀ ẹ́. Àgbà bẹ ọmọdé lójú wa. Ó ní òun kò mọ̀ ni. Ó wá bi í pé kí tiẹ̀ ni ìdáhùn ìṣirò ọjọ́ náà. Òun alára kò rántí ìṣirò ọ̀hún mọ́. Sàlí sọ ìṣirò náà fún un, ó sọ ìdáhùn rẹ̀, ó sì sọ ọ̀nà méjì tí a lè gbà rí i. Tíṣà wo Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà wo òkè àjà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yà lẹ́nu rárá.

Asẹ̀kẹ́ tí a gbé lọ yẹn nìkan ni nǹkan tí a fún tíṣà. Ó sì sanwó rẹ̀, tipátipá ni Ìyá Àgbà fi gbà á.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Ìyá Ìbùkún ní kí Sàlí máa di pẹ́ńsù mú lọ́wọ́ tó bá fẹ́ nà sókè, kí ìka lè rí iṣẹ́ ṣe. Pẹ́ńsù náà ń bọ́ lulẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà ń pè é síwájú pátákó. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kọ́kọ́ ń tiro, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó wá di pé òun ló ń bi mí pé kí nìdí tí mo fi ń pe ọ̀rọ̀ kan báyìí. Tíṣà ní kí èmi náà máa wá lẹ́yìn tí a bá ti ta asẹ̀kẹ́ tán, kí n jókòó ti àwọn ọmọ tó ti Àbíjáǹ dé, kí n máa sọ ohun tí wọ́n kọ́ láàárọ̀ fún wọn ní Faransé kó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Hẹ́dímasítà fún wa ní kíláàsì kan tó ṣófo. Màmá mi, mo ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀! Ìyá Àgbà ní bí mo bá dé ilé, kí n máa jẹ́ kí etí àwọn sinmi.

Ọjọ́ tí wọ́n ka èsì ìdánwò, òjò ń rọ̀ sórí páànù, hẹ́dímasítà ń pariwo kí a lè gbọ́ ọ. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń ka kíláàsì kẹrin bọ̀. Wọ́n pe ẹni tó gbẹ̀yìn, kì í ṣe Sàlí. Wọ́n pe ẹni tó ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe Sàlí. Wọ́n ń pè é lọ sókè, orúkọ rẹ̀ kò jáde. Ìyá Àgbà gbá mi lápá mú, wọ́n ní ṣé wọ́n ti lé ọmọ náà kúrò ni, tí wọn kò sọ fún wa? Mo ní kí wọ́n dúró ná. Ìgbà tó ku ọmọ méjì ni wọ́n pe Sàlímátà sí ipò kejì. Ọmọ tó gba ipò kìíní, ọmọ Ọlá ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára gan-an, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kí a tó sọ̀rọ̀, hẹ́dímasítà ní kò ní lọ sí kíláàsì karùn-ún mọ́, wọ́n fún un ní dọ́bù, kíláàsì kẹfà ló ń lọ tààrà. Ìyá Àgbà ké Aláhù Àkíbárù láàárín gbọ̀ngàn, àwọn ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì dáhùn Halelúyà, òjò náà ń pariwo tirẹ̀, n kò mọ ohùn tí Ọlọ́run kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá Ìbùkún pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń jó, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá pé ọmọ òun nìyẹn, ọmọ òun nìyẹn.

Ẹ bi mí bóyá orí mìíràn ni a rà fún un. Orí tó ní léṣìí náà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ti ń bá àwọn ọmọ Àbíjáǹ jókòó láti ìgbà òjò àkọ́kọ́, mo sì ń wò wọ́n. N kò rí èyí tí ẹ̀jẹ̀ bàbá tàbí ẹ̀jẹ̀ ìyá dá dúró. Èyí tí ẹnì kan nílé bá ń bi pé kí ni ẹ ṣe lónìí, kí ni wọ́n sọ sí ọ, ó ń jà fitafita, kì báà ṣe Faransé ni wọ́n fi bi í, tàbí Yorùbá, tàbí Júlà. Àwọn tó ń jó rẹ̀yìn ni àwọn tí a ń gbé lọ, tí a ń gbé bọ̀. Wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èdè ibí, wọ́n á wọ mọ́tò. Wọ́n á dé ọ̀hún, àwọn tíṣà ọ̀hún á ní Faransé wọn ti bàjẹ́, ẹ dá wọn padà sẹ́yìn. Ọmọ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹ̀gẹ́ tí àgbẹ̀ ń hú lóṣooṣù láti wò ó bóyá ó ti ta.

Nítorí náà, Màmá mi, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, n kò ní fún awakọ̀ ní Sàlí. Mo ti sọ fún Ìyá Àgbà pé n ó kọ ọ́ báyìí, wọ́n ní kí n kọ ọ́, bí ẹ bá bínú kí ẹ bínú sí àwọn. Hẹ́dímasítà ti kọ orúkọ rẹ̀ sí kíláàsì kẹfà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdánwò girama ló kàn. Bó bá kúrò níbí nísinsìnyí, gbogbo rẹ̀ ni yóò dà nù.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwé nìkan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ yín ni, ẹ fẹ́ fojú rí i. Ẹ kò rí i láti ọjọ́ tó ti wọ mọ́tò, àwòrán orí fóònù kò sì ṣeé gbé lé itan. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan, ohun tí mo rò nìyí. Mọ́tò tí yóò wá mú un kò ní ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ láti Ẹ̀jìgbò. Ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti gbéra, ìjókòó tí ẹ ti bá awakọ̀ sọ yóò sì ṣófo títí yóò fi dé ibí. Ẹ wọ̀ ọ́, Màmá mi. Kí Bàbá náà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n wọ̀ ọ́. Tàntí Fàtú yóò bá yín tajà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá kò tíì dé Ẹ̀jìgbò rí, ìyá ìyàwó wọn kò sì tíì bu oúnjẹ fún wọn rí. Kí wọ́n kó gbogbo ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ bi Sàlí wá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bi í. Bí Sàlí kò bá dá wọn lóhùn ní Faransé dáadáa, kí wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, n kò ní sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà ti ń gbá yàrá tó kọjú sí ìlà oòrùn. Wọ́n ní àwọn kò tíì sọ pé ẹnì kan ń bọ̀, ìdọ̀tí ló kàn ń bí àwọn nínú.

Ọlọ́run yóò mú yín gba gbogbo ibodè kọjá láìsí ìdíwọ́. Kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín gbẹ, kò ní jẹ́ kí ilé yín dahoro. Bàbá mi, fíríìjì tí ẹ bá fọwọ́ kàn, á máa tutù. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àgbàlá, ẹ kí àwọn ìyá Ẹ̀jìgbò tó wà lọ́jà pẹ̀lú yín, ẹ sọ fún wọn pé ilé dùn, òjò ọdún yìí sì dára fún àgbàdo. Sàlí ń kí yín. Ó dúró lẹ́yìn mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ó ní mo pẹ́ jù lórí ìwé kan ṣoṣo. Ó ní kí Màmá mú sàǹdá dání tí ẹ bá ń bọ̀, dúdú, ti ilé ìwé, kí ẹ má ra ìwọ̀n ẹsẹ̀ tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ òun ti gùn.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí yín,
Ràmátù.